Ọwọ́ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ Mọ́

Mátírọ́ọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, torí ẹsẹ̀ mi ti wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Dókítà, ẹ má tíì dìde. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá wáṣẹ́ nọ́ọ̀sì kékeré sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun, ẹ sún mọ́ ibí kẹ́ ẹ lè gbọ́ mi, ohùn mi ò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ rò pé ìmọ̀ràn ni mo mú wá, bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Mi ò mú ìmọ̀ràn wá. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti jẹrà síbẹ̀, tí mo bá gbé e wọnú sàréè, ilẹ̀ gan-an á pọ̀ ọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, kẹ́ ẹ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tí kò ṣẹ̀ yín.

Ẹ mọ ọmọ tí mò ń wí. Òun ló wà ní ìkángun bẹ́ǹṣì yẹn tó ń wo ilẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tẹ́ ẹ dán wọn wò, òun ló mọṣẹ́ jù, gbogbo yín lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti fẹ́ gbà á tán, àfìgbà tí Dókítà gbọ́ ọmọ ẹni tó jẹ́. Dókítà ní òun ò lè fi ọmọ lé ọmọ ẹni tó sun ọmọ lọ́wọ́. Ni gbogbo yín bá kọjú sí mi: “Ìyá Wọ́ọ̀dù, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ nígbà yẹn, kí lẹ rí sí i?” Mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó. Irọ́ ni mo pa. Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ lọ rò, mo ń sá ni. Ó dáa, mi ò sá mọ́. Ìyá ọmọ yìí ò sun ọmọ kankan. Èmi ni mo sun ún.

Ẹ má wo ara yín lójú. Orí mi pé. Kíndìnrín mi ni kò pé. Àwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì kí èmi tó fẹ̀yìn tì. Tẹ́ ẹ bá sọ pé ikú tó ń bọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù tí mo fi ń sọ̀rọ̀, ẹ ò parọ́ mọ́ mi. Ká ní ara mi le ni, bóyá ǹ bá tún gbé e pa mọ́. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí mò ń sọ yìí, ilé tuntun tó gbòòrò yìí ò tíì sí. Yàrá méjì péré ni wọ́ọ̀dù wa. Àwọn ìyá wà nínú ọ̀kan, àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé wà nínú èkejì, nínú àpótí onígíláàsì tó ń móoru. Àwọn nọ́ọ̀sì àgbà ń kọ̀wé, àwọn dókítà ń kọjá, àwa nọ́ọ̀sì kékeré là ń fọwọ́ kan ọmọ. Àwa là ń wẹ̀ wọ́n, àwa là ń wọ̀n wọ́n, àwa là ń pààrọ̀ aṣọ ìdí wọn, àwa là ń kọ́ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ bó ṣe máa gbé ọmọ sọ́mú. Síbẹ̀, káṣúà ni wá. Wọ́n lè lé wa láàárọ̀ kí wọ́n gba ẹlòmíì lọ́sàn-án, ẹnikẹ́ni ò ní bi wọ́n. Mo ti ṣe káṣúà títí tí ewú fi gbà mí lórí. Ọkọ mi ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, àwọn ọmọ wà lọ́rùn mi. Ẹ má torí ìyẹn ṣàánú mi o. Obìnrin mélòó ni ọkọ kọ̀ sílẹ̀ tí wọn ò sun ọmọ ọlọ́mọ?

Ni wọ́n bá mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá, wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́ pé kí n kọ́ ọ níṣẹ́. Mo sì kọ́ ọ tọkàntọkàn. Mi ò ní parọ́ mọ́ ara mi níbi tí mi ò ti ṣẹ̀. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbá orí ọmọ mú, bí wọ́n ṣe ń fi òwú tútù nu ojú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dá èémí rẹ̀ mọ̀ láìjí i. Kò pẹ́ rárá tí ọmọ tí mo kọ́ ní á-bí-dí fi bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé jù mí lọ. Ọmọ tó ti ń ké láti àárọ̀, tó bá ti gbé e, kẹ́kẹ́ á pa. Àwọn ìyá ọmọ ló sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Tí mo bá nawọ́ láti gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á rọra wẹ̀yìn mi: “Aǹtí, ẹ má bínú, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ńkọ́? Ṣé kò wá lónìí ni?” Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn, tẹ́ ẹ bá gbé omi lé e, á hó. Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé kò gbéraga. “Ẹ̀gbọ́n mi” ló máa ń pè mí, tòótọ́tòótọ́ ló sì fi ń pè é. Ká ní ó ń ṣe fọ́ńté ni, ǹ bá rí nǹkan di mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín kẹ́ ẹ lè lóye ohun tí mo ṣe. Nígbà yẹn, iná kì í dúró. Tí iná bá ti lọ, àpótí àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé ò sì lè mú ara ẹ̀ móoru. A máa ń bu omi gbígbóná sínú rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó ní ìdérí, a ó fi aṣọ dì í, a ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Òfin rẹ̀ ò le. Omi tó bá hó, fi tútù là á. Gbé e sínú ọrùn ọwọ́ rẹ, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́, kó o mọ̀ bóyá ó pọ̀ jù. Fi aṣọ dì í ní ìlọ́po méjì, má sì jẹ́ kó kan ara ọmọ. Àwa yòókù, kókó la máa ń ta aṣọ náà sí lókè. Kókó yẹn máa ń ha ọmọ lára, nígbà míì á tiẹ̀ tú. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ò ta kókó ní tirẹ̀. Ó máa ń ká aṣọ yí rọ́bà, á ṣẹ́ etí aṣọ méjèèjì po sínú, á ti ọ̀kan bọ abẹ́ èkejì, á wá da ẹnu aṣọ náà délẹ̀, kí omi tó bá jò lè gba ìsàlẹ̀ lọ kó má kan ọmọ. Kò sí ẹlòmíì tó ń dì í bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọsibítù. Téèyàn bá ti wo rọ́bà náà, á mọ ẹni tó dì í. Ẹ fi ibi tí ẹnu aṣọ yẹn kọjú sí sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀.

Ìròyìn wá dé pé ọsibítù máa mú ẹnì kan nínú àwa káṣúà, wọ́n á sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi. Ẹnì kan ṣoṣo. Mátírọ́ọ̀nù ìgbà yẹn, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, pe èmi àti Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ pé àwa méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà kù sí. Nígbà tá a jáde, ọmọbìnrin náà dì mọ́ mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ máa gbà á. Tí wọ́n bá fún mi, ojú á tì mí láti wò yín.” Mo ní, “Ṣíọ̀, ẹni tí Ọlọ́run bá fún náà ni.” Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo tutọ́ sílẹ̀. Kàkà kí eku má jẹ sèsé, á fi ṣe àwàdànù. Mo ti di eku yẹn láti ọjọ́ náà, mi ò kàn tíì rí ọ̀nà tí mo máa gbà da sèsé nù ni.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò pé, iná lọ láàárọ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ sáré di rọ́bà fún àwọn ọmọ, ó kù sórí ọmọkùnrin kan tó kéré jù nínú wọn. Ọ̀gá Kékeré la máa ń pe ọmọ náà, torí kì í jẹ́ kéèyàn ráyè jókòó. Bí wọ́n ṣe pe Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ sínú ọ́fíìsì nìyẹn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ bá mi wo Ọ̀gá Kékeré, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń tutù.” Mo ní, “Máa lọ, ọmọ, wàá rí i ṣe.” Ẹnu mi ló ń súre, inú mi ń gbóná ju kẹ́tù tó wà lórí iná lọ. Ìyá tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù wa ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó yọjú sí mi, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, wọ́n mà ń rẹ́rìn-ín nínú ọ́fíìsì yẹn o. Ó jọ pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀.” Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín yẹn ló gba ọpọlọ lórí mi. Mo da omi híhó sínú rọ́bà, mi ò fi tútù là á. Mi ò gbé e sọ́rùn ọwọ́. Aṣọ kan ṣoṣo ni mo ta mọ́ ọn, mo tì í sí ìdí ẹsẹ̀ ọmọ náà, mo sì lọ fetí léko lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Àgbàlagbà bíi tèmi! Mo dúró síbẹ̀, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín, mò ń jẹ èékánná bí ọmọ ilé ìwé.

Nígbà tí mo padà, ọmọ náà ń ké. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé, igbe wọn ò lágbára; ẹ gbọ́dọ̀ wà nítòsí kẹ́ ẹ tó gbọ́. Mo ṣí aṣọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti pọ́n, awọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì lè dúró níbẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Àṣìṣe ni títí di ìgbà yẹn. Ká ní mo pariwo, ká ní mo pe dókítà, wọ́n á lé mi, wọ́n á bú mi, ọmọ náà á sì jèrè ẹsẹ̀ ẹ̀. Mo gbé rọ́bà náà kúrò. Mo tú kókó tí mo ta. Mo ká aṣọ yí rọ́bà náà, mo ṣẹ́ etí rẹ̀ po sínú, mo ti ọ̀kan bọ abẹ́ èkejì, bí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ṣe máa ń dì í. Lẹ́yìn náà, mo dá rọ́bà gbígbóná yẹn padà sídìí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, kẹ́ ẹ má sọ pé mi ò là á yé yín. Mo ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo mọ ohun tó ń ṣe é, mo sì dá a padà.

Bí mo ṣe ń bo aṣọ lé e ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ jáde, tẹ̀rín-tẹ̀rín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ó kàn yín. Wọn ò le rárá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀gá Kékeré ńkọ́?” Mo ní, “Ó ti ń sùn. Mo bá rọ́bà tó o ti dì fún un níbẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án.” Ó dúró. “Ṣé mo ti dì í fún un ni?” “O ti dì í. Àbí o ti gbàgbé? Ìyá kan ń pè ọ́ ní yàrá kejì, ọmọ ẹ̀ ò gba ọmú, lọ bá a.” Ó sì lọ, torí pé èmi ló rán an. Èmi wọ ọ́fíìsì. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mo fi yan iṣẹ́ yìí láàyò. Mo ní torí mo fẹ́ràn ọmọ ni. Mo ń sọ ọ́, mi ò sì ṣẹ́jú. Mo ṣì wà lórí àga yẹn nígbà tá a gbọ́ igbe Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀.

Dókítà, ẹ̀yin lẹ tọ́jú ẹsẹ̀ náà. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibí nígbà yẹn ni, ẹ sì sunkún, mo rí i. Kì í ṣe pé ẹ burú tẹ́ ẹ fi ń kórìíra ẹni tó ṣe é. Ẹni tẹ́ ẹ kórìíra ni kì í ṣe òun. Mátírọ́ọ̀nù ìgbà yẹn gbé rọ́bà náà sókè níwájú gbogbo wa, aṣọ ṣì wà lára ẹ̀. “Ta ló ń dì í báyìí nínú wọ́ọ̀dù yìí?” Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan. Ìyá ọmọ náà tó ṣì ń fara ti ògiri rìn ló sọ̀rọ̀. Ó ní, “Rárá o, kò lè jẹ́ òun. Ẹ tún un wádìí. Òun nìkan ló ń mú ọmọ mi dákẹ́.” Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó wo rọ́bà, ló bá kọjú sí ògiri. Ọmọ náà yè é. Ó ti di ọkùnrin báyìí, mo máa ń rí i lójú pópó, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ó ń tiro. Tí mo bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, mo máa ń sọdá sí òdìkejì.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ rò pé mo ti sọ èyí tó burú jù? Wọ́n ní kí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lọ kó ẹrù rẹ̀. Mo bá a nínú yàrá tá a ti ń pààrọ̀ aṣọ, rọ́bà náà wà lórí itan rẹ̀, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo nǹkan kan. Ẹnu aṣọ yìí kọjú sókè. Èmi kì í kọ ọ́ sókè láéláé.” Òótọ́ ni. Mo ti jí ìdì rẹ̀, mi ò jí i pé. Ẹ̀rí tó lè gbà á là wà lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an, ọ̀dọ̀ mi ló sì gbé e wá, torí èmi ló gbẹ́kẹ̀ lé jù láyé. Ká ní Mátírọ́ọ̀nù ló sọ ọ́ fún ni, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà. Mo jókòó tì í, mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo ní, “Ìkánjú ni, àbúrò mi. Ọkàn rẹ wà níbi iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún ẹ. Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n láàárọ̀ yìí nígbà tó ò ń dì í.” Ó wò mí. “Ẹ rí i?” Mo ní, “Ojú mi báyìí ni mo fi rí i.” Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó wá ní, “Á jẹ́ pé èmi náà ni.” Mo ní kó gbé rọ́bà náà wá. Mo tú aṣọ ara ẹ̀, mo jù ú sínú omi ọṣẹ. Ó lọ bá ìyá ọmọ náà, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀.

Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ gidi nìyẹn. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ti rí mi nígbà tí mò ń tú rọ́bà yẹn. Nígbà tí mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ilẹ̀ ni mò ń wò, èmi kì í wòkè.” Mo bá a bẹ Mátírọ́ọ̀nù títí wọ́n fi gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ, níbi tí iṣẹ́ ti dẹ̀ díẹ̀. Ó ti kú, ó ti gbé ìpín tirẹ̀ lọ. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wáṣẹ́ lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kan. Ọ̀gá ibẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó ní ọmọbìnrin náà sọ pé èmi ni kí wọ́n bi léèrè nípa òun. Mo ní, “Ọmọ dáadáa ni. Ẹ kàn ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.” Ọ̀rọ̀ yẹn tó. Kò tún sí ilé ìgbẹ̀bí tó gbà á. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin: Mátírọ́ọ̀nù ìgbà yẹn pa á láṣẹ pé kí gbogbo wa máa di rọ́bà lọ́nà ti Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, torí ìdì náà dáa, ẹni tó dì í ni kò dáa. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn èèyàn. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ ní Ìdì Ìyá Wọ́ọ̀dù. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ọ! Ẹnu aṣọ kọjú sókè lẹ̀ ń dì í, títí dòní, torí bí olè ṣe jí i nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe fi kọ́ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dá ọmọ yẹn mọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá kó tó la ẹnu. Ó gba aṣọ àti rọ́bà, ó ká a, ó ṣẹ́ ẹ po, ó wá da ẹnu rẹ̀ délẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù, ẹ sọ fún un pé kò mọ Ìdì Ìyá Wọ́ọ̀dù dáadáa. Ọmọ náà ní, “Ẹ má bínú, Mà, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn.” Omi tútù dà sí mi lẹ́yìn. Dókítà wá béèrè ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ohun tó dà.

Lánàá, mo gba ilé Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lọ. Aránṣọ ni báyìí, yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń rán, ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, ègé aṣọ wà káàkiri ilẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó dìde, ó kúnlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ti rù o. Ta ló fi ẹsẹ̀ wíwú yìí rán yín jáde?” Ó gbọn ègé aṣọ kúrò lórí àga rẹ̀, ó gbé mi jókòó. Kí n tó sọ nǹkan kan, ó ní, “Mo mọ ohun tó gbé yín wá. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi dá ọmọ yẹn lẹ́jọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò jọ tèmi. Mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án nígbà tó wà ní kékeré, kí tèmi má baà ràn án. Obìnrin tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ wa ló ń wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, rọ́bà lásán ni mo fi kọ́ ọ.” Ẹ̀yin èèyàn, ó bímọ, kò sì wẹ ọmọ rẹ̀ rí. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀! Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí ẹlòmíì ṣe ń da omi sí ọmọ tó bí lára.

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, kókó tí mo tú, rọ́bà tí mo dá padà, ẹnu aṣọ tó kọjú sókè. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, torí ìkúnlẹ̀ ò tó. Mo ní kó dárí jì mí. Kò bú mi, kò sunkún. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú bíi tọjọ́ yẹn, ó ń wò wọ́n.

Màá sọ ohun tó bi mí fún yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ tán. Mátírọ́ọ̀nù, Dókítà, ẹ gba ọmọ yìí síṣẹ́. Ẹ kọ̀wé sí gbogbo ilé ìgbẹ̀bí tó wà nítòsí pé ọwọ́ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ mọ́. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò lára ìdì yẹn, kẹ́ ẹ sì dojú ẹnu aṣọ rẹ̀ délẹ̀. Kẹ́ ẹ wá ọkùnrin tó ń tiro yẹn rí, kẹ́ ẹ sọ ẹni tó yẹ kó máa ṣépè fún, fún un. Ohun tó bá sì tọ́ sí mi lábẹ́ òfin, ẹ má wo ẹsẹ̀ mi tó wú, ẹ ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ orí bẹ́ǹṣì, iṣẹ́ tẹ́ ẹ wá wá yìí dáa, ọmọ ń wáyé lójoojúmọ́, iṣẹ́ ò ní tán. Ẹ ó ṣàṣìṣe níbẹ̀, mo fi ń dá yín lójú. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹ pariwo! Ẹ pariwo kí wọ́n lé yín. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà, èyí tí mo ṣe pa mọ́ náà ló jókòó níwájú yín yìí tí kò lè wọ bàtà.

Ohun tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ bi mí nìyí. Ó gbé ojú kúrò lára ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ohùn rẹ̀ ò sì le. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbọ́. Ọmọ mi ti wá dàgbà báyìí. Ta ló máa bá mi sọ ọ́ di kékeré padà, kí n lè wẹ̀ ẹ́?”